Òróró olóòórùn kọ́ ni fómù ọmọ yín ń fẹ́

“Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìpakodò ni mò ń gbé ní Ìkòròdú, ilé wa ò jìnnà sí ọ̀sà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 7, kì í jí láàárọ̀ kí imú rẹ̀ má dí. Á máa sín léraléra, ojú á máa yún un, nígbà míì àyà rẹ̀ á máa súfèé. Dókítà ní ikọ́ fée ni, wọ́n fún un ní oògùn tí ó ń fà sẹ́nu, wọ́n sì ní ká ṣọ́ra fún eruku inú bẹ́ẹ̀dì. Mo kà á lórí fóònù pé òróró eucalyptus, lavender, tea tree àti ti kànáfùrù ń pa kòkòrò inú eruku láìlo kẹ́míkà. Mo ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo máa ń kán 10 sínú omi, mo sì ń fín in sórí fómù lálaalẹ́ kó tó sùn. Oṣù kejì rèé, mi ò rí ìyàtọ̀, àfi ikọ́ òru tó tún ń pọ̀ sí i. Ìyá ọkọ mi ní kí n fi kánfọ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí, pé ìyẹn ló dájú. Mo tún ní ọmọ oṣù 8 nínú yàrá kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú òróró wọ̀nyí ló lágbára jù, mélòó ni kí n sì máa kán?”

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ sì kú àìsùn. Kí n tó ṣàlàyé ohunkóhun, ohun méjì wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lálẹ́ òní. Ẹ dáwọ́ òróró tí ẹ ń fín sórí fómù dúró, kí kánfọ̀ má sì wọ yàrá tí àwọn ọmọ yẹn ń sùn sí. Mo gbé e síwájú nítorí pé ìdáhùn mi máa gùn, mi ò sì fẹ́ kí oorun gbé yín lọ kí ẹ tó kà dé ibẹ̀. Ohun yòówù tí ẹ bá sì rí nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ má torí ẹ̀ dá oògùn tí dókítà ní kí ọmọ máa fà sẹ́nu dúró. Wolé-wolé ni mí, ìmọ́tótó ilé ni iṣẹ́ mi. Ilé ni mo lè bá yín tún ṣe, àyà ọmọ wà lọ́wọ́ dókítà rẹ̀.

Èwo ló lágbára jù ni ẹ bi mí, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn yín gan-an hàn nínú ọ̀rọ̀ yín: ẹ fẹ́ kí ọmọ sùn kó jí láìsín, ẹ ò sì fẹ́ fi òtápiápiá tàbí oògùn ẹ̀fọn kún ohun tó ti ń dà á láàmú. Ẹ̀rù yẹn tọ́. Mo ti wọ yàrá tí wọ́n ti fín oògùn kòkòrò sí fómù lọ́sàn-án kí ọmọ lè sùn lé e lálẹ́, òórùn rẹ̀ sì ta mí nímú kí n tó ré ẹnu ọ̀nà kọjá. Torí náà mi ò ní bá yín wí pé ẹ wá ohun tó rọ̀ lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé àwọn tó ń polówó òróró jẹ́ kí ẹ gbà pé pípa ni gbogbo iṣẹ́, pé bí kòkòrò bá ti kú, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọ̀rọ̀ ò bùṣe níbẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń bá jà ná. Bí èèyàn bá gbọ́ kòkòrò inú bẹ́ẹ̀dì, ìdun ló ń wá sí ọ̀pọ̀ lọ́kàn. Wọ́n á gbé fómù nàró, wọ́n á yẹ ojú rírán rẹ̀ wò, bí wọn ò bá rí ìdun, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìdun ń mu ẹ̀jẹ̀, ó ń jẹni, ojú sì ń rí i. Kòkòrò eruku kì í jẹni, kì í mu ẹ̀jẹ̀, kì í gbé ara èèyàn, kò sì ju nǹkan bí ìdá 3 nínú 10 mìlímítà kan lọ, èyí ló fi jẹ́ pé ojú lásán ò lè dá a mọ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ 8 ni, ìbátan eégbọn àti aláǹtakùn. Awọ wíńníwínní tó ń bọ́ lára wa bí a ṣe ń yí lórí ibùsùn ni oúnjẹ rẹ̀, torí náà ibi tí èèyàn bá ti ń sùn ló ń pọ̀ sí jù: inú fómù, inú ìrọ̀rí, inú bùláńkẹ́ẹ̀tì, inú ọmọláńgidi onírun tí ọmọ ń gbá mọ́ra sùn. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan àga tìmùtìmù àti rọ́ọ̀gì. Abo kan lè yé ẹyin 40 sí 80 láàárín oṣù 2 sí 3 tó ń lò láyé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pe yín ní ọ̀bùn o. Kò sí ilé tí èèyàn ń sùn sí ní àgbègbè wa yìí tí kò sí níbẹ̀, ààfin ọba náà kò yọ sílẹ̀.

Kòkòrò yìí fúnra rẹ̀ kọ́ ló wá ń fa wàhálà tó pọ̀ jù, ìgbẹ́ rẹ̀ ni. Nǹkan kan wà nínú ikùn rẹ̀ tó ń bá a da oúnjẹ. Nǹkan yẹn á bá ìgbẹ́ jáde, ìgbẹ́ á gbẹ, á fọ́ sí wẹ́wẹ́, á dúró sínú fómù. Bí ọmọ bá yí orí lórí ìrọ̀rí, á gbéra, ọmọ á fà á símú. Bí ara ọmọ bá jẹ́ irú èyí tó kórìíra rẹ̀, ara á gbógun tì í: imú á dí, ojú á máa yún, ọ̀nà èémí á fún pọ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú nǹkan wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Der p 1. Ní 1964, Voorhorst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Leiden, ní Netherlands, tọ́ka sí kòkòrò yìí pé òun ló wà nídìí ohun tó ń ṣe àwọn tí eruku ilé ń bá jà. Kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀, eruku lásán ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Ẹni tó bá wá pa kòkòrò tó fi ìgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nínú fómù dà bí ẹni tó pa eku inú àpò gàrí, tí kò da gàrí náà nù. Ìgbẹ́ yẹn lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, òkú kòkòrò náà á sì máa fọ́ kún un.

Ìpakodò tí ẹ ní ẹ ń gbé náà jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀. Kòkòrò eruku kì í mu omi, inú afẹ́fẹ́ ló ti ń fa omi sára. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti tó 70 sí 80 nínú 100, ayé dẹ̀ ẹ́ lọ́rùn. Bó bá wá sílẹ̀ ju 50 lọ, tó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, á gbẹ, á kú. Gbogbo àwa tí à ń gbé etí ọ̀sà, ní Ẹ̀bútẹ́, ní Ìpakodò, títí lọ sí apá Ìgbógbó, la mọ bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ nínú ife tí a ò bá dé e. Afẹ́fẹ́ tó ń yọ́ iyọ̀ yẹn ló ń fún kòkòrò eruku lómi mu láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ títí ọyẹ́ á fi dé. Ẹ tún fi ti òógùn kún un. Bí wọ́n bá mú iná lọ lóru, tí fáànù dúró, gbogbo ohun tó bá jáde lára ọmọ, fómù ló ń mu ún. Lásìkò ọyẹ́ iye wọn máa ń wálẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ tí wọ́n ti yà sílẹ̀ kò lọ síbì kankan. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi lè máa sín nínú oṣù kìíní tí gbogbo nǹkan gbẹ. Eruku ọyẹ́ tó ń bo fèrèsé, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀: láti aṣálẹ̀ ló ti ń wá, òun náà ń ta imú, àmọ́ ẹni tó bá ń nu fèrèsé lójoojúmọ́ tí kò fọwọ́ kan ìrọ̀rí kò tíì dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ṣé irọ́ wá ni pé òróró ń pa wọ́n? Rárá o, kì í ṣe irọ́. Òróró kànáfùrù ní eugenol nínú, ti eucalyptus ní cineole, méjèèjì sì ń pa kòkòrò eruku ní ilé ìwádìí. Tea tree náà ń pa á. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀: kòkòrò díẹ̀ nínú àwo kékeré, òróró lórí bébà tó wà lábẹ́ wọn, wọ́n á sì dé àwo náà pinpin kí òórùn rẹ̀ má lè jáde. Kò síbi tí kòkòrò máa sá sí. Yàrá yín ní fèrèsé, ó ní ilẹ̀kùn, fáànù ń fẹ́ nínú rẹ̀. Fómù tí ó nípọn tó ínṣì 6 ní ibi tó jìn tí kòkòrò lè wọ̀ lọ. Ẹ̀kán 10 ò ju nǹkan bí ìdajì mìlílítà lọ, ẹ sì là á mọ́ omi. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ á ti bá afẹ́fẹ́ lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ tó wà lójú fómù ló máa kàn, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á máa bí sí i. Bí ẹ bá sọ ẹ̀kán 10 di 30, òórùn lásán lẹ máa fi kún un.

Ohun tí ẹ ń fi kún yàrá yẹn lálaalẹ́ ló ń kọ mí lóminú jù. Àkọ́kọ́ ni omi. Fómù tí ẹ fín omi sí ní aago 8 kì í gbẹ kí ọmọ tó sùn lé e, pàápàá nígbà òjò, ọ̀rinrin yìí gan-an ni kòkòrò sì ń wá. Èkejì ni òórùn líle. Ẹni tó ní ikọ́ fée, ọ̀nà èémí rẹ̀ ti wú tẹ́lẹ̀. Tùràrí, pafíọ̀mù, ọ̀dà tútù, òróró olóòórùn, èyíkéyìí nínú wọn lè mú kí ọ̀nà yẹn fún. Pé inú ewé ni wọ́n ti fún òróró kò ní kó má pani lára. Tábà náà, ewé ni. Mi ò lè jókòó síbí kí n búra pé òróró ló ń mú ikọ́ òru pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti mọ̀: ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2, kí ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, alẹ́ wo ló wúkọ́, alẹ́ wo ni kò wú. Ìwé yẹn á tún wúlò fún dókítà.

Ní ti ọmọ oṣù 8, ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òróró eucalyptus àti gbogbo nǹkan tó ní menthol tàbí camphor nínú lè mú kí ọ̀nà èémí ọmọ ọwọ́ pa dé lójijì bí wọ́n bá gbé e sún mọ́ imú rẹ̀. Bí ọmọdé bá sì gbé e mu, ṣíbí tíì kan péré lè fa gìrì tàbí kó mú kí ọmọ dákú lọ. Ìgò rẹ̀ kéré, ó rẹwà, òórùn rẹ̀ dùn, irú ohun tí ọmọ tó ń rákò fẹ́ràn láti fi sẹ́nu ni. Ẹ gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbi tí kọ́kọ́rọ́ wà.

Kánfọ̀ tí ìyá ọkọ yín sọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ìyá sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń tọ́jú aṣọ láyé ìgbà tiwọn. Ẹ fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú kánfọ̀ funfun róbótó tí wọ́n ń tà lọ́jà Sábó, kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ naphthalene ni. Ó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa kí wọ́n bí ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní èròjà tí wọ́n ń pè ní G6PD tó, àwọn ọmọkùnrin ló sì máa ń bá jù. Òbí kì í sábàá mọ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn naphthalene símú, tàbí tó wọ aṣọ tí wọ́n fi kánfọ̀ tọ́jú, ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ á máa fọ́, ojú á pọ́n bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú bá mú, ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀. Ọmọ tuntun jòjòló ló ń pa lára jù, ó lè ba ọpọlọ jẹ́. Aṣọ ọmọ oṣù 8 yẹn, bó bá ti wà nínú àpótí pẹ̀lú kánfọ̀ rí, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a dáadáa kí ẹ tó wọ̀ ọ́ fún un. Ewé efinrin àti dóńgóyárò tí àwọn kan máa ń tẹ́ sábẹ́ ẹní kò ní irú ewu yẹn, wọ́n sì wúlò láti lé ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n ewé tútù lábẹ́ fómù, ọ̀rinrin ló ń kó síbẹ̀, á sì bu láàárín ọjọ́ mélòó kan. Èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀.

Ibì kan wà tí òróró eucalyptus ti níṣẹ́ ṣe, inú ọpọ́n ìfọṣọ ni. Ní 1997, Tovey àti McDonald ní Ọsirélíà gbé ọ̀nà kan jáde fún fífọ aṣọ àti bùláńkẹ́ẹ̀tì: wọ́n po òróró eucalyptus mọ́ ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, kí òróró lè tú sínú omi, wọ́n rẹ aṣọ sínú rẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ kòkòrò sì kú. Ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀ dáadáa: nǹkan bí mìlílítà 2 sí lítà omi kan. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ bùláńkẹ́ẹ̀tì sínú omi kẹ́ẹ̀gì 20 lítà, mìlílítà 40 lẹ máa dà sí i, ìyẹn ìgò 4 nínú àwọn ìgò mìlílítà 10 tí wọ́n ń tà. Ẹ rántí pé ẹ̀kán 10 lẹ ń lò. Ẹ á rẹ ẹ́ fún bíi wákàtí kan, ẹ á ṣan án dáadáa kí òórùn lọ, ẹ á sì sá a gbẹ. Fún ohun tí kò lè gba omi gbígbóná, bíi bùláńkẹ́ẹ̀tì onírun, ó dára lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Fún aṣọ bẹ́ẹ̀dì lásán, ìnáwó òfo ni, nítorí omi gbígbóná ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Omi tó bá gbóná tó 55 lórí ìwọ̀n Celsius ń pa gbogbo wọn. Ẹ ò nílò ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ ò sì nílò ohun tí a fi ń wọn ooru. Ẹ bu omi tó ń hó lórí iná, ẹ fi omi ẹ̀rọ tí ìwọ̀n rẹ̀ bá a dọ́gba là á, ohun tí ẹ máa ní á lé ní 60. Kí àwọn ọmọ jìnnà o. Ẹ ki bẹ́díṣíìtì àti àpò ìrọ̀rí bọ inú rẹ̀, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó wá fi ọwọ́ fọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe é. Lọ́sẹ̀ tí gáàsì bá tán tàbí tí owó ò sí, ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́, ẹ má fi sílẹ̀: omi tútù kì í pa kòkòrò púpọ̀, ṣùgbọ́n nǹkan inú ìgbẹ́ tí mo ń wí yẹn máa ń yọ́ sínú omi, á sì bá omi lọ. Ìyẹn gan-an ló ń ran ọmọ lọ́wọ́ ju pípa lọ.

Bí mo bá wọ yàrá tí ọmọ ti ń sín, fómù ni mo kọ́kọ́ máa ń lọ bá. Mo máa ń ká bẹ́díṣíìtì láti apá orí, máa wá ibi tí òógùn ti yà á sí àwọ̀ tíì, máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí oòrùn bá ń gba ojú lúfà wọlé lásìkò yẹn, ẹ máa rí ohun tó gbéra níbẹ̀ fúnra yín, wẹ́wẹ́ funfun tó ń yí po nínú ìmọ́lẹ̀, tí á pẹ́ díẹ̀ kó tó balẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ò tún bi mí ní ìbéèrè lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tó wà nínú fómù tó ti lo ọdún 5, kò sí òróró, kò sí ẹ̀rọ tó lè fà á jáde tán. Ẹ sé e mọ́ ibẹ̀ ni. Ìyẹn ni pé kí ẹ fi ìbòrí tí eruku ò lè gbà kọjá wé gbogbo fómù, lókè, nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí síìpù rẹ̀ sì pa dé. Bákan náà fún ìrọ̀rí. Àǹkárá tàbí kọ́tìnnì lásán ò tó, ihò inú wọn tóbi jù.

Àwọn ìbòrí tí wọ́n ṣe dìídì fún un wà, wọ́n sì wọ́n. Ẹ gbọ́ ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tí owó ò tó lọ́wọ́ wọn. Náílọ̀n tó ń bá fómù tuntun wá láti ilé iṣẹ́, tí àwọn èèyàn máa ń fa ya lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé fómù délé, ẹ má fa tiyín ya tí ẹ bá ra òmíràn. Ẹ fi téèpù lẹ ibi tó bá ṣí, ẹ tẹ́ aṣọ tó nípọn lé e kó má baà máa gbóná. Fún èyí tó wà nílẹ̀ báyìí, ẹ ra makintọ́ọ̀ṣì, irú èyí tí wọ́n máa ń kọ mọ́ ẹrù ìkúnlẹ̀ aboyún, kí télọ̀ rán an bí àpò pẹ̀lú síìpù, kí ẹ sì lẹ téèpù mọ́ ojú rírán níhà inú, nítorí ihò abẹ́rẹ́ náà ń jò. Ó máa ń mú ooru díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín, lálẹ́ tí kò bá sí iná ọmọ á ráhùn. Aṣọ òwú tó nípọn lókè rẹ̀ á fa òógùn, ẹ sì máa fọ ìyẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìkìlọ̀ kan nítorí ọmọ oṣù 8: náílọ̀n tó ń fẹ́ lẹlẹ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibi tí ọmọ ọwọ́ ń sùn rárá, ó lè dí i nímú. Fómù tirẹ̀, ìbòrí tó fún pinpin, tó ní síìpù, ni kí ẹ lò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìbòrí ju ohun yòókù lọ ni pé òun ni mo rí ẹ̀rí tó dáa fún lára ọmọdé. Ní Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi ojúlówó ìbòrí sí bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ kan tó ní ikọ́ fée tí kòkòrò eruku ń bá jà, wọ́n fi ìbòrí lásán tó jọ ọ́ sí ti àwọn mìíràn. Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017. Láàárín ọdún kan, nínú ọmọ 100 tó ní ojúlówó, nǹkan bí 29 ni ikọ́ fée gbé dé ilé ìwòsàn, nínú 100 àwọn tó ní èyí lásán, nǹkan bí 42. Kò lé ikọ́ fée lọ, àmọ́ ìyá tó ti gbé ọmọ tí kò lè mí dáadáa sáré lóru rí mọ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn jẹ́.

Oòrùn ni nǹkan kejì, a sì ní in púpọ̀. Lọ́sàn-án tí oòrùn bá mú gan-an, ẹ gbé fómù àti ìrọ̀rí síta sórí ilẹ̀ tó gbẹ, ẹ jẹ́ kó gba oòrùn fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán, ẹ yí i padà, kí ẹ̀yìn rẹ̀ náà gbà á. Kòkòrò á gbẹ níbi tí ooru bá dé. Ẹ gbọ̀n ọ́n lóde kí ẹ tó gbé e wọlé, kí ẹlòmíràn gbọ̀n ọ́n, kì í ṣe ọmọ náà. Ìrọ̀rí tó ti di pelebe, tó ń rùn, ẹ jù ú nù. Ọmọláńgidi onírun, ẹ fọ̀ ọ́ bí ẹ ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ìwé ilẹ̀ òkèèrè máa ń ní ká gbé e sínú fírísà fún odindi ọjọ́ kan, ìyẹn dára fún ẹni tí iná rẹ̀ kì í lọ. Rọ́ọ̀gì yàrá ọmọ, ẹ ká a kúrò, ẹ máa fi aṣọ tó rin nu ilẹ̀. Bí ẹ bá máa fi ìgbálẹ̀ gbá a, kí ọmọ má wọlé fún bíi wákàtí kan, kí ohun tó gbéra ti balẹ̀. Lásìkò òjò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá aṣọ tútù sínú yàrá tí wọ́n ń sùn sí. Láàárọ̀, ẹ má tètè tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ká aṣọ sílẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé, kí òógùn òru gbẹ ná.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò dá gbogbo onímọ̀ lójú bákan náà. Ní 2008, Gøtzsche àti Johansen ṣe àyẹ̀wò ìwádìí tó lé ní 50 fún ẹgbẹ́ Cochrane, àwọn tó máa ń kó ìwádìí ìlera jọ láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì sọ pé gbogbo ọgbọ́n tí a ń fi bá kòkòrò eruku jà, kẹ́míkà o, ìbòrí o, àwọn ò rí i pé ó mú ikọ́ fée dínkù tó ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Àlàyé tèmi ni pé ọ̀pọ̀ ń ṣe nǹkan kan ṣoṣo, wọ́n ń fi ìyókù sílẹ̀, ìgbẹ́ tó wà nínú ilé kì í sì dínkù tó. Ó tún ṣeé ṣe kó má jẹ́ pé kòkòrò eruku nìkan ló ń bá ọmọ jà. Aáyán ilé ìdáná, ìgbẹ́ òun náà ń fa ikọ́ fée. Èbu dúdú tó ń yọ lára ògiri tí omi ń gùn láti ìsàlẹ̀, ó wọ́pọ̀ ní àdúgbò yín. Kọ́ìlì ẹ̀fọn, èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tó ń gba fèrèsé wọlé, sìgá. Bí kọ́ìlì bá ń jó nínú yàrá yẹn lálẹ́, kí ẹ tó náwó kankan sórí fómù, ẹ pa á, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì. Ẹ bi dókítà léèrè bóyá wọ́n lè ṣe àyẹ̀wò orí awọ fún ọmọ, níbi tí wọ́n ti ń kán èròjà kòkòrò eruku àti ti aáyán sójú apá, wọ́n á rọra gún un, wọ́n á sì wo èyí tó wú. Ìyẹn á jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí owó yín yẹ kó lọ.

Bó bá jẹ́ èmi ni, bí mo ṣe máa tò ó nìyí: kọ́ìlì àti òróró kúrò lálẹ́ òní, omi gbígbóná lópin ọ̀sẹ̀ yìí, makintọ́ọ̀ṣì lọ́dọ̀ télọ̀ nígbà tí owó bá dé, rọ́ọ̀gì lẹ́yìn náà. Ẹ fún un ní bíi oṣù 2 sí 3 kí ẹ tó dájọ́, nítorí ohun tó ti wà nínú yàrá kò ní lọ lọ́jọ́ kan. Imú dídí àárọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rọ̀, súfèé àyà máa ń pẹ́ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i lóru ọjọ́ kan pé ọmọ ń mí tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọnú, tí kò lè sọ̀rọ̀ tán lẹ́ẹ̀kan, tí ètè rẹ̀ ń ṣú, tàbí tí oògùn tó ń fà sẹ́nu kò ràn án, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ fún un ní oògùn náà bí dókítà ṣe kọ́ yín, ẹ gbé e jókòó, kí ẹnì kan wá ọkọ̀, kí ẹ sì máa gbé e lọ sílé ìwòsàn tó súnmọ́ yín jù.